Kákúlétọ̀ ₦6,500 tí mo rà ní Kàbà: 4,294,967,297 ni mo fi dán an wò

Ọmọkùnrin tó ń ta kákúlétọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ní Kàbà rò pé orí mi ò pé. Ó ti kí mi, "Àǹtí, òkun o," mo ti dá a lóhùn, mo ti mú ọ̀kan nínú ọjà rẹ̀, ó sì ti ń wá láílọ́ọ̀nù tó máa dì í sí, ni mo bá ní kó fara balẹ̀ ná. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà kan tó gùn bí ọ̀nà Lọ́kọ́jà: 4294967297. Mo ní kí ẹ̀rọ náà fi 641 pín in. Ó ní, "Àǹtí, ṣé nọ́ńbà fóònù yín ni?" Mo ní rárá, nọ́ńbà tí mo fi ń yẹ kákúlétọ̀ wò ni.

Èyí tí mo kọ́kọ́ mú gbé 670041.6989 wá. Mo dá a padà sínú páálí.

Bọ́tìnì 7 rẹ̀ ni kò gbọ́ràn. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó lè gbọ́, ó sì lè má gbọ́. Nọ́ńbà tí mo tẹ̀ ní 7 méjì nínú. Èyí tó wà nídìí pátápátá ni ẹ̀rọ náà gbé mì, ó ka 429496729 sílẹ̀, èmi sì rò pé mo ti tẹ̀ ẹ́ pé. Ká ní 2 + 2 ni mo fi dán an wò bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe, yóò fún mi ní 4, ǹ bá sanwó, ǹ bá sì gbé wàhálà relé. Ọmọ wo ló máa mọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò pé 7 òun kò wọlé?

Ìkejì tí mo mú gbé 6700417 wá, gbáko, láìsí àmì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn ni mo rà. Ó pe ₦8,500, mo ná an ní ₦5,000, a fẹnu kò sí ₦6,500. Bóyá mo jẹ gbèsè fún un ni o, bóyá òun ló jẹ gbèsè fún mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń lò ó ṣe rí.

Tíṣà ìṣirò ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan lápá Ìjùmú. Kákúlétọ̀ tí mo ń lò láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn já bọ́ nínú báàgì mi lórí ọ̀kadà, ọ̀kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì gùn ún kọjá. Àwọn ọmọ SS2 mi bá mi kẹ́dùn bí ẹni pé èèyàn ló kú. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ sójú èyí tuntun, torí mi ò gbà pé àwọn ló ṣe é: orúkọ wọn ni wọ́n fẹ́ kọ, àmọ́ lẹ́tà kan ti yí padà nínú rẹ̀. Onítọ̀hún ní, "Àǹtí, orijínà ni." Mo ní ó dáa.

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ nọ́ńbà yìí. Ìdí àkọ́kọ́ rọrùn: fígọ̀ mẹ́wàá ló ní, fígọ̀ mẹ́wàá náà sì ni ojú irú kákúlétọ̀ yìí lè gbà. Ó kún ojú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Kékeré tó ń gba mẹ́jọ, èyí tí àwọn alátẹ ń lò, kò tiẹ̀ ní lè kọ ọ́ tán. Ìdí kejì ni pé nọ́ńbà náà ní ìtàn, mo sì fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ọba lọ.

Ẹ mú 3. Ẹ yọ 1 kúrò, ó ku 2. Ẹ fi 2 lọ́nà 2, ẹ fi 1 lé e: 5. Ẹ tún yọ 1 nínú 5, ó ku 4. 4 lọ́nà 4, ẹ fi 1 lé e: 17. Bẹ́ẹ̀ náà ni 17 á bí 257, 257 á bí 65537. Gbogbo wọn pátá ni práìmù, ìyẹn ni pé kò sí nọ́ńbà mìíràn tó lè pín wọn dọ́gba àfi 1 àti àwọn fúnra wọn. Ní 1640, Pierre de Fermat, agbẹjọ́rò kan ní Toulouse nílẹ̀ Faransé tó ń fi ìṣirò ṣeré, kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé gbogbo ọmọ ìdílé yìí ni yóò jẹ́ práìmù, títí ayé. Èyí tó tẹ̀ lé 65537 ni 65536 lọ́nà ara rẹ̀, ká fi 1 lé e. Nọ́ńbà mi nìyẹn. 65536 lọ́nà ara rẹ̀ náà sì ni ohun tí ẹ máa bá tí ẹ bá mú ẹyọ 1, tí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ní ìgbà 32, tí à ń kọ ní 2³².

Fermat kú ní 1665, kò sẹ́ni tó já a nírọ́. Ní 1729, onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Goldbach kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ará Swítsàláǹdì kan, Leonhard Euler, tó ń ṣiṣẹ́ ní St. Petersburg nígbà náà, bóyá ó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ Fermat yìí. Ní 1732, Euler mú èsì wá: 641 pín 4294967297 dọ́gba. Ọmọ ọdún márùnlélógún ni. Kò sí kákúlétọ̀ orijínà, kò sí ayédèrú.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ní kíláàsì pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun yìí ni pé mo gbé e sínú dúrọ́ọ̀. Mo ní ká kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì pín in, ká lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà ń sọ òótọ́. Ẹ wá wo bó ṣe dùn. 641 wọ inú 4294 lẹ́ẹ̀mẹfà, ó ṣẹ́ku 448. Ẹ fa 9 wálẹ̀, ó di 4489. 641 wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀meje, ìyẹn 4487, ó ṣẹ́ku 2. Ẹ fa 6 wálẹ̀, 26, kò wọ̀ ọ́, òfo. Ẹ fa 7, 267, kò wọ̀ ọ́, òfo mìíràn. Ẹ fa 2, 2672, ó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ṣẹ́ku 108. Ẹ fa 9, 1089, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó ṣẹ́ku 448. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú ní, "Ma, 448 ti padà wá!" Lóòótọ́ ni. Ìgbà àkọ́kọ́, 9 ló wá bá 448, ó fi 2 ṣẹ́ku. Lọ́tẹ̀ yìí, 7 ni fígọ̀ tó kẹ́yìn. 4487. Gégé bí ẹni wọ bàtà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ẹ̀ wọ̀n. Kò ku nǹkan kan.

448 yẹn náà ló fọhùn lójú kákúlétọ̀ àkọ́kọ́ ní gáréèjì. Torí 7 ìdí kò wọlé, 448 kò rí ẹni parí rẹ̀, 448 tí a pín sí 641 ló fún wa ní .6989 yẹn. Mo sọ èyí fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tó fi pín dọ́gba láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa pín in, ẹ wo 641 fúnra rẹ̀ dáadáa. Ọ̀nà méjì la lè gbà tú u. Ó jẹ́ 640 pẹ̀lú 1, 640 sì ni 5 lọ́nà 128. Ó tún jẹ́ 625 pẹ̀lú 16. 625 ni 5 mẹ́rin tí wọ́n lu ara wọn, 16 ni 2 mẹ́rin tí wọ́n lu ara wọn. Ó dáa. Ká sọ pé a ń di kaṣú ní ìdì ìdì, 641 hóró nínú ìdì kan, àwọn tí kò pé ìdì nìkan la sì ń kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní 640 hóró, gbèsè ẹyọ kan ló jẹ kó tó pé ìdì. Ẹ fi 640 lu ara rẹ̀ ní mẹ́rin: gbèsè lọ́nà gbèsè á di owó ọwọ́, tẹ́ ẹ bá di í ní ìdì ìdì, ẹyọ 1 ló máa ṣẹ́ku. Àmọ́ 640 mẹ́rin tó lu ara wọn yìí náà ni 625 lọ́nà 2²⁸. 625 sì ń jẹ gbèsè 16 kó tó pé ìdì. A jẹ́ pé gbèsè 16 lọ́nà 2²⁸ ló ṣẹ́ku 1. Kí sì ni 16 lọ́nà 2²⁸? 2³² ni. Gbèsè 2³² ṣẹ́ku 1. Ẹ gbé gbèsè náà wá sí òdìkejì, 2³² pẹ̀lú 1 pé ìdì, kò ku ẹyọ hóró kan nílẹ̀. Ó gba ìdajì bọ́ọ̀dù. Mo ti ń kọ́ ìṣirò ó ti pẹ́, mi ò tíì rí èyí tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tó sì kúrú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọjà. Bọ́tìnì kan wà lójú kákúlétọ̀ yìí, FACT, tó máa ń tú nọ́ńbà sí àwọn práìmù tó bí i. Òun gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ san ₦6,500, torí àwọn olówó pọ́ọ́kú kò ní in. Mo fi nọ́ńbà mẹ́ta tó jẹ́ aládùúgbò ara wọn dán an wò. Mo tẹ 4294967295, ó gbé 3 × 5 × 17 × 257 × 65537 wá. Ẹ wo ìyẹn: gbogbo ọmọ ìdílé Fermat márààrún, wọ́n tò jọ sójú kan láìsí àjèjì láàárín wọn. Mo tẹ 4294967296, ó gbé 2³² wá. Mo tẹ 4294967297, ó gbé 641 × (6700417) wá.

Àkámọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí gbogbo òbí tó bá ń ra kákúlétọ̀ fọ́mọ mọ̀ sí. Àwọn ọmọ mi rò pé ó túmọ̀ sí pé 6700417 ṣì ṣeé pín, pé ẹ̀rọ náà ń bọ̀ wá parí iṣẹ́ ni. Àwọn kan rò pé ó túmọ̀ sí práìmù. Kò túmọ̀ sí ìkankan nínú méjèèjì. Ẹ̀rọ náà kì í fi práìmù tó ju fígọ̀ mẹ́ta lọ pín nọ́ńbà wò. Ohun tó bá ṣẹ́ku tí kò sì dá a lójú, á sọ ọ́ sínú àkámọ́, bí ìgbà tí olùpèsè oúnjẹ níbi òkú bá bo àwo kan tí kò fẹ́ kẹ́ ẹ ṣí. Mi ò bínú sí i. Ìwé tó wà nínú páálí sọ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé mo ní láti gbé e lọ sójú fèrèsé.

Àwa la ṣí àwo náà. Euler fi hàn pé nọ́ńbà yòówù tó bá pín 4294967297, tẹ́ ẹ bá pín òun náà pẹ̀lú 64, 1 ló máa ṣẹ́ku. Ní 1878, ará Faransé mìíràn, Édouard Lucas, sún un dé 128. Nǹkan ńlá nìyẹn, torí ó já iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sí iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. 6700417, tó bá ṣeé pín, ohun tó máa pín in kò ní ju 2588 lọ, ó sì gbọ́dọ̀ fi 1 ṣẹ́ku lórí 128. Àwọn práìmù tó bá àpèjúwe yẹn mu títí dé 2588 kò ju márùn-ún: 257, 641, 769, 1153 àti 1409. Mo pín kíláàsì sí márùn-ún, mo fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan. Àwọn ti 257 ní 170 ló ṣẹ́ku. Àwọn 641 ní 44. Àwọn 769 ní 120, àwọn 1153 ní 334. Àwọn 1409 jà díẹ̀, ọ̀kan ní 622, èkejì ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n tún un ṣe, 622 ni. Kò sí èyí tó pín in dọ́gba. Mo bá gbé dọ́sítà, mo nu àkámọ́ kúrò lójú bọ́ọ̀dù. 6700417, práìmù, láìsí ìbòjú.

(Wọ́n ní ọmọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Zerah Colburn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni wọ́n bi ní nọ́ńbà yìí ní London ní 1812, tó sì fi orí lásán sọ pé 641 lọ́nà 6700417 ni. Ọmọ SS2 mi kan ní, "Ma, ìyẹn ò nílò kákúlétọ̀." Mo ní kó jókòó.)

Ibì kan wà tí kákúlétọ̀ náà ti parọ́ fún mi, irọ́ ọmọlúàbí sì ni. Mo ní kó fi 2³² lu ara rẹ̀. Ó kọ 1.844674407×10¹⁹. Ìyẹn kò burú, ojú rẹ̀ ló kún. Àmọ́ mo fẹ́ mọ ohun tó fi pamọ́ sínú, mo bá ní kó yọ 1.8446744×10¹⁹ kúrò. Ó gbé 73709600000 wá. Òótọ́ ibẹ̀ ni 73709551616, torí 18446744073709551616 ni nọ́ńbà náà gan-an. Ẹ̀rọ náà ń rántí fígọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èyí tó kù ó fi òfo dí i. Fún iṣẹ́ kíláàsì, ó tó, ó ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá fẹ́ fi í lé ọmọ ìdílé Fermat tó tẹ̀ lé tiwa, 18446744073709551617, ń dàmú ara rẹ̀ ni: 274177 ló pín ìyẹn, 1880 ni ará Faransé kan, Landry, tó rí i, ìwé àti gègé ló lò. Láti orí nọ́ńbà tiwa lọ sókè, a ò tíì rí ẹyọ práìmù kan mọ́ nínú ìdílé náà. Fermat mú márùn-ún rere, ó fi búra fún gbogbo ẹbí.

Kí ẹ má baà rò pé nọ́ńbà ìwé lásán ni, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe kọ́kọ́ fìyà jẹ mí. Ọmọ àbúrò mi ṣègbéyàwó ní Ìyàrá, ẹni tó ya fídíò ní kí n mú fíláàṣì wá. Fíláàṣì mi gba 16GB, fídíò náà kò ju 6GB lọ, òfìfo sì ni fíláàṣì ọ̀hún. Kọ̀ǹpútà kọ̀, ó ní fáìlì náà tóbi jù. Onífídíò ní fíláàṣì mi ni kò dáa, kí n ra òmíràn lọ́wọ́ òun. Mo rà á. Ilé ni mo tó mọ̀ pé bí wọ́n ṣe fọ́màátì fíláàṣì náà ló dí i lọ́wọ́: FAT32 ni, FAT32 kì í sì í gba ẹyọ fáìlì tó bá ju 4294967295 báìtì lọ. Aládùúgbò nọ́ńbà mi! Èyí tí 3, 5, 17, 257 àti 65537 bí! Fíláàṣì tó tà fún mi, exFAT ni. Ká ní ó fọ́màátì tèmi sí exFAT ni, ọ̀rọ̀ ìbá ti tán, owó mi ìbá sì wà lápò mi. Ibi kan náà ni àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì ti àtijọ́ dé tó fi tán, 4294967296 péré ni gbogbo rẹ̀, àwa tá a wà láyé sì ti ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo gbé kákúlétọ̀ náà lọ han màmá mi. Kaṣú ló ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ọgọ́rin ọdún ti ń súnmọ́ wọn, wọn kì í lo ẹ̀rọ. Mo ka nọ́ńbà náà fún wọn ní fígọ̀ fígọ̀, wọ́n ní àwọn ò gbọ́, kí n sọ ọ́ ní ọ̀kẹ́. Ọ̀kẹ́ ni àpò owó ẹyọ láyé àtijọ́, ọ̀kẹ́ mẹ́wàá wọ́n sì ń kà á bíi ṣúgà lẹ́nu. Mo fi kákúlétọ̀ pín in pẹ̀lú 20000: ọ̀kẹ́ 214748, ó ku 7297. Màmá mi dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọ̀kẹ́ lọ́nà ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, ó tún lé." Mo yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ ni: 20000 lọ́nà 20000, mẹ́wàá irú rẹ̀, ọ̀kẹ́ 14748 ló lé, àti 7297. Wọ́n sì sọ ìyókù yẹn láìwo ẹ̀rọ kankan, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàárin ó lé ọ̀ọ́dúnrún ó dín mẹ́ta. Kákúlétọ̀ ₦6,500 kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n wá bi mí pé owó ta ni. Mo ní kì í ṣe owó, ká fi ṣe hóró kaṣú. Wọ́n ní tó bá jẹ́ kaṣú tó dáa, igba hóró á wọ kílò kan. A fi ìyẹn ṣe é: tọ́ọ̀nù 21,475, a máa kó o sínú tírélà olọ́gbọ̀n tọ́ọ̀nù, tírélà 716. Màmá mi ní àwọn ò mọ Kàbà tó máa gba tírélà 716. Wọ́n ní mélòó lẹ́ ní ó pín in? Mo ní 641. Wọ́n ní, "Ẹgbẹ̀ta lé mọ́kànlélógójì èèyàn, wọ́n sì pín in láìjà?" Mo ní láìjà, hóró kan ò ṣẹ́ kù. Wọ́n ní kì í ṣe ní ìdílé tiwa nìyẹn.

Ẹ̀gbin ọjà náà wàyí. Wọ́n kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé bátìrì àti sólà ló ń lò. Mo fi sukudiráfà ṣí ìdí rẹ̀, mo yọ bátìrì, mo gbé e sínú oòrùn ọ̀sán gangan níwájú ilé. Kò tàn. Mo tún wò ó: gíláàsì dúdú náà kò ní wáyà kankan tó lọ síbì kan. Ọ̀ṣọ́ ni. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn bí ẹni lẹ èékánná. Ìdérí rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, ìgbà kejì tó já bọ́ lórí tábìlì ni etí kan ti ya. Bọ́tìnì tó fi ń yí ìdá sí désímà máa ń wọlé jù, èèyàn á ní láti fi èékánná fà á jáde nígbà mìíràn. Nọ́ńbà orí bọ́tìnì 0 ti ń parẹ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta péré, mi ò sì mọ ohun tí màá rí ní oṣù mẹ́ta.

Àmọ́ ìṣirò rẹ̀ dá mi lójú. Mo ti tẹ nọ́ńbà mi sínú rẹ̀ ní ìgbà ogún ó kéré tán, 6700417 ló ń gbé wá nígbà gbogbo. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ má gbà kí wọ́n dì í kẹ́ ẹ tó dán an wò. Nọ́ńbà náà kò ní 0, 1, 3, 5 tàbí 8 nínú. 1 á wọlé nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ 641. Fún àwọn mẹ́rin tó kù, ẹ fi 3 lọ́nà 5 × 17 × 257 × 65537, ẹ ti rí 3 àti 5. Ìdáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 4294967295. Ẹ wá fi 80 lọ́nà 8, ẹ fi 1 lé e: 641. Bọ́tìnì nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti kọjá lábẹ́ ọwọ́ yín, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tó bá ń ra èyí fún ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC, owó rẹ̀ kò ṣòfò. Ẹni tó bá tìtorí sólà rà á, kó yáa ra bátìrì mọ́ ọn.

Mo padà sí Kàbà lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, àwọn òbí mẹ́ta ló rán mi. Ọmọkùnrin náà rí mi lókèèrè, kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ó ti mú ọ̀kan jáde, ó ti ń tẹ̀ ẹ́. "Àǹtí, ẹ wò ó, 6700417." Ó ti kọ nọ́ńbà náà sára páálí pẹ̀lú bírò pupa. Mo dán àwọn mẹ́ta wò, wọ́n pé, mo sanwó. Mo wá bi í pé ibo ló kó àwọn tí 7 wọn kò gbọ́ràn sí. Ó tọ́ka sí páálí kejì lábẹ́ tábìlì. Ó ní ₦5,000 ni tìyẹn.